Ẹ̀KỌ́: ỌGBÀ Ẹ̀FỌ́ Ẹ̀YÌNKÙLÉ WA NÍ ÀÁRÍN ÒJÒ

Bíbélì kíkà: Máàkù 4:26-29, Mátíù 13:24-30, 1 Àwọn Ọba 21:1-16.
Ẹsẹ àkọ́sórí: Gálátíà 6:9. Kí olúkúlùkù ṣí Bíbélì tirẹ̀, kí ó kà á sókè nígbà mẹ́ta kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀.
Kókó ẹ̀kọ́: Kí a wo gbòǹgbò kí a tó wo ojú ẹnìkejì.

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ

Òjò ọdún ti kọjá ìdajì. Ohun tí a fi sínú ilẹ̀ nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé ti fara hàn báyìí: èyí tí yóò yè ti yè, èyí tí kò ní yè náà ti ń sọ ara rẹ̀. Ní apá gúúsù ilẹ̀ wa, láti Kétu títí dé Àjàṣẹ́, òjò ńlá a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta tàbí ìkẹrin, a sì máa rọ̀ títí wọ oṣù keje. Lẹ́yìn náà ojú ọ̀run a sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, kí òjò àrọ̀kúrò tó tún dé ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá. Nítorí náà àkókò tí a wà yìí dàbí ọ̀sán gangan. Ẹni tó jí ní kùtùkùtù ti rí ohun tó ṣe. Ẹni tó sùn ṣì lè dìde, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Ìdí nìyí tí àwa olùkọ́ fi mú ọgbà ẹ̀yìnkùlé ṣe ẹ̀kọ́ fún ìgbà yìí.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ kéré jù fún ilé Ọlọ́run. Iṣẹ́ tí Ọlọ́run kọ́kọ́ fi lé ènìyàn lọ́wọ́, iṣẹ́ ọgbà ni. Gẹ́nẹ́sísì 2:15 fi yé wa pé a fi Ádámù sínú ọgbà kí ó máa ro ó, kí ó sì máa ṣọ́ ọ. Ẹ wò ó dáadáa, ohun méjì ni: ríro, àti ṣíṣọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń ro, a kì í ṣọ́. A óò gbin nǹkan tán ní oṣù kẹrin pẹ̀lú orin àti ariwo, tó bá di oṣù keje, koríko á ti bò ó, a ò ní í mọ ibi tí ebè wà mọ́.

Àwa aláṣọ funfun a máa gbé èso wá síwájú pẹpẹ, a sì máa ṣe ìkórè lọ́dọọdún. Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣé èyí tí a rà lọ́jà ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà nìkan ni a óò máa gbé wá? Ẹni tó gbé ilá mẹ́wàá péré wá, tí ó sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ló gbìn ín, tó pọn omi sí i, tó ṣa kòkòrò ara rẹ̀, ẹni yẹn mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún.

I. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OJÚ WA RÍ NÍNÚ ỌGBÀ NÍSINSÌNYÍ

Tẹ̀tẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rìn. Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 lẹ́yìn tí a fọ́n ọn, ó ti tó jẹ. Ẹni tí ebi ń pa á fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò; ẹni tó ní sùúrù á gé e, á fi kùkùté rẹ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí ilẹ̀. Kùkùté yìí á tún rú, ní bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, a óò tún gé e. Ewédú, tí àwọn ará ọjà wa ń pè ní kirinkirin, á máa tẹ̀ lé e ní bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Ilá tí a gbìn pẹ̀lú òjò àkọ́kọ́ á ti máa so báyìí. Láti ọjọ́ tí òdòdó bá là, ọjọ́ 5 sí 7 ti tó kí a ká a, nígbà tí ṣóńṣó rẹ̀ ṣì ń dá tí a bá fi ọwọ́ kàn án. Ọjọ́ méjì-méjì ni kí a máa dé ìdí rẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun ìyanu kan: bí a bá ń ká ilá, á máa so, bí a bá fi í sílẹ̀ kó gbó sórí igi, igi náà á rò pé òun ti parí iṣẹ́, nítorí òun ti ní irúgbìn, èso rẹ̀ á sì dínkù. Ẹni tí kì í fúnni lára ohun tí Ọlọ́run fún un, kí ó dúró sí ìdí ilá kí ó ronú. Ohun tí a há mọ́ ara igi ló ń gbó, òun náà ló ń dá èso tuntun dúró.

Ata kì í yára. Lẹ́yìn tí a bá ṣí i kúrò níbi tí a kọ́kọ́ fọ́n ọn sí, tí a tún un gbìn sórí ebè, ó lè lo oṣù 2 sí 3 kí a tó ká èyí tó pọ́n. Tòmátì, ìkàn àti gbọma náà ní àkókò tiwọn. Nínú Máàkù 4, Olúwa wa sọ̀rọ̀ ẹni tó fọ́n irúgbìn, tó sùn, tó jí, tí irúgbìn sì ń dàgbà láìjẹ́ pé ó mọ bó ṣe ń ṣe é: ewé ló kọ́kọ́ yọ, lẹ́yìn náà ṣírí, ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkà tó gbó. Kò sí ẹni tó lè fi ipá fa ewé gùn. Nítorí náà ẹ̀yin ìyá, ẹ má fi ọmọ yín tó ń pẹ́ kọ́ ìwé wé ọmọ ará ilé kejì. Tẹ̀tẹ̀ ti jẹ tán nínú ọbẹ̀, ata ṣì ń bọ̀. Ọbẹ̀ tí kò ní ata kì í sì í dùn.

II. IṢẸ́ ỌWỌ́ TÓ KÙ KÍ OṢÙ KẸJỌ TÓ DÉ

Èkíní, koríko. Ẹ fà á nígbà tí ó wà ní kékeré, ní ọjọ́ kejì òjò, tí ilẹ̀ rọ̀. Koríko tí a fà ní ìṣẹ́jú kan lónìí á gba àdá àti òógùn ní oṣù tó ń bọ̀. Òwe 24:30-34 sọ bí ọgbà ọ̀lẹ ṣe rí. Ẹ kà á nílé.

Èkejì, oúnjẹ ilẹ̀. Nínú Lúùkù 13:6-9, olùtọ́jú ọgbà bẹ olówó rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun gbẹ́ ìdí igi ọ̀pọ̀tọ́ náà, kí òun sì bu ìlẹ̀dú sí i. Kò sọ pé òun á gbàdúrà nìkan, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ pé kí wọ́n gé e. Ó mú ọkọ́. Ìgbẹ́ adìyẹ àti ti ewúrẹ́ pọ̀ nínú àgbàlá wa, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe da ti adìyẹ sílẹ̀ ní tútù, ó máa ń jó gbòǹgbò. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé gbígbẹ àti èèpo iṣu, ẹ bò ó, ẹ máa yí i, kí ó jẹrà títí kò fi ní rùn mọ́, kí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí ilẹ̀ ààtàn. Ní Àjàṣẹ́, láti ọdún 1985 tí wọ́n ti dá ibùdó Songhaï sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní irú ọgbọ́n yìí, pé ohun tí ẹran yàgbẹ́ rẹ̀ ni ilẹ̀ ń jẹ, ohun tí ilẹ̀ sì mú jáde ni ènìyàn àti ẹran ń jẹ. Kò sí ohun tí Ọlọ́run dá tí ó jẹ́ ìdọ̀tí lásán.

Ẹ̀kẹta, ìbora. Kí ìsinmi òjò oṣù kẹjọ tó bá wa, ẹ fi koríko gbígbẹ tàbí ewé bo orí ebè, kí ó nípọn bí ìka mẹ́rin, ṣùgbọ́n kí ó má fara kan igi ẹ̀fọ́ kí igi má baà rà. Ọ̀rinrin inú ilẹ̀ á pẹ́, koríko kò sì ní í hù kíákíá. Ẹ̀yin ará Kétu tí omi kànga yín jìn, ẹ̀yin gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí bá wí jù. Bí ẹ bá ń bomi rin, àárọ̀ ni ó dára jù, ìdí igi ni kí ẹ dà á sí, kì í ṣe orí ewé. Ewé tí ó sùn pẹ̀lú omi lórí a máa tètè ní àrùn.

Ẹ̀kẹrin, kòkòrò. Ní kùtùkùtù tí òtútù ṣì mú tata, kò lè fò jìnnà. Ìgbà náà ni kí àwọn ọmọdé ṣa á. Ẹ tú ewé tẹ̀tẹ̀ tó ká jọ wò, ìdin aláwọ̀ ewé wà nínú rẹ̀ tó ń fi okùn wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́ rán ewé mọ́ra; ẹ fi ọwọ́ pa á. Bí ó bá pọ̀, ẹ gún ewé dóńgóyárò tútù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ po ọṣẹ díẹ̀ mọ́ ọn kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé, kí ẹ sì wọ́n ọn ní ìrọ̀lẹ́, nítorí oòrùn máa ń ba agbára rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n a bẹ̀ yín ní orúkọ Olúwa: oògùn òwú kì í ṣe oògùn ẹ̀fọ́. Èyí tí wọ́n ṣe fún pápá òwú, ẹ má gbé e dé orí ohun tí ọmọ yín á jẹ ní ọ̀la. Ẹ má sì fi ìgò rẹ̀ bu omi mu tàbí kí ẹ fi rọ epo.

Ẹ̀karùn-ún, irúgbìn. Ọ̀pọ̀ wa ń jẹ èyí tó dára, a sì ń fi èyí tó kù sílẹ̀ ṣe irúgbìn. Àṣìṣe ni. Nísinsìnyí tí ọgbà wà ní àárín ọdún ni kí a yan igi tó le jù, tó kọ́kọ́ so, tí àrùn kò mú, kí a ya ọ̀já funfun kan lára aṣọ àdúrà tó ti gbó, kí a so ó mọ́ ọn. Kí gbogbo ará ilé mọ̀ pé ti ọdún tó ń bọ̀ ni, ọbẹ̀ ò gbọdọ̀ kàn án.

III. OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ ỌGBÀ KAN

Ẹ̀yin ará, ó wù wá kí a fi ẹ̀kọ́ yìí mọ sí orí ọkọ́ àti ìlẹ̀dú. Ṣùgbọ́n a jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ kan, a ó sì san án.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, arábìnrin kan nínú ìjọ tí à ń sìn nígbà náà gbin ẹsẹ̀ tòmátì 40 sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ó ṣe dáadáa títí di oṣù kẹfà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó rí i tí igi méjì tẹríba bí ẹni tí wọ́n da omi gbóná sí lórí. Ewé rẹ̀ kò pọ́n, aláwọ̀ ewé ni. Ní alẹ́ ó gbórí díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin ó kú. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, 17 ti lọ.

Ọgbà aládùúgbò rẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ gan-an, ọgbà ìyá kan tí kì í ṣe ọmọ ìjọ wa. Àgbàdo àti ewédú rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Wọ́n ní, òjò kan náà, oòrùn kan náà, ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín, kí ló dé tí tirẹ̀ ò kú? Ẹnì kan nínú wa lá àlá pé òun rí obìnrin kan tó dúró sínú ọgbà náà lóru. Kò rí ojú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ènìyàn ti bá a fi ojú sí i. A tan àbẹ́là, a lọ sí ẹ̀yìnkùlé náà, a gbàdúrà kíkan kíkan, ẹnì kan sì dárúkọ ìyá aládùúgbò náà nínú àdúrà. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí wà níbẹ̀. A ṣe Àmín.

Tòmátì kò dẹ́kun àtikú. Arábìnrin náà kò kí ìyá yìí mọ́. Ọmọ ìyá náà, tó máa ń wá fa omi ní kànga arábìnrin wa, wọ́n ní kó má wá mọ́.

Bàbá àgbà kan wà nínú ìjọ, àgbẹ̀ ni látìgbà ọmọdé, ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó gbọ́, ó béèrè ohun kan ṣoṣo: “Ẹ ti fa ọ̀kan tu wò?” Kò sí ẹni tó ti fa ọ̀kan tu. A ti gbààwẹ̀, a ti kọrin, a ti tú àlá, a kò tíì wo gbòǹgbò.

Bàbá bá wa lọ. Ó fa èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rọ tu, ó gé igi rẹ̀ nítòsí ìdí, ó ní kí wọ́n bu omi tó mọ́ sínú ife gíláàsì kan wá. Ó mú igi náà dání, ó ki ibi tó gé bọ inú omi díẹ̀, ó ní kí a dúró, kí a má mi omi náà. Kò pẹ́, ohun funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti ẹnu igi náà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú omi bí òwú tàbí bí wàrà. Gbogbo wa rí i.

Bàbá ní, “Ọmọ mi, níbo lo gbin tòmátì sí ní èṣí?”

“Ibí yìí náà ni, Bàbá.”

“Ìdúnta ńkọ́?”

“Gbọma ni mo gbìn síbẹ̀, Bàbá.”

Ó ní, “Ilé kan náà ni wọ́n. Ọdún mẹ́ta lo ti ń gbé oúnjẹ fún ọ̀tá yìí. Ọ̀tá wà lóòótọ́, inú ilẹ̀ ló wà. Àgbàdo kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, òun ló fi jẹ́ pé ti ẹnìkejì rẹ ò kú.”

Arábìnrin wa sunkún. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó lọ kúnlẹ̀ níwájú aládùúgbò rẹ̀. Ìyá náà gbé e dìde, ó ní òun ti dárí jì í. Ó wá ní, “Mo gbọ́ àdúrà yín láti ẹ̀yìn ògiri. Mo gbọ́ orúkọ mi. Èmi ò bínú mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ mi ń sá tó bá ti rí aṣọ funfun.”

Nígbà tí wọ́n sọ èyí fún wa, a ò rí ọ̀rọ̀ sọ. Aṣọ tí à ń wọ̀ láti fi hàn pé a mọ́, ọmọdé kan ń sá fún un nítorí ẹnu wa. Àwa náà lọ bẹ ìyá náà ní Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ó gbà wá dáadáa, ó fún wa lómi mu. Ṣùgbọ́n ó ju òjò ọdún kan lọ kí ọmọ yẹn tó tún gbé korobá wá sí kànga.

IV. OHUN TÍ ÌWÉ MÍMỌ́ FI KỌ́ WA

Ẹnì kan lè sọ pé, ṣebí Bíbélì náà sọ pé ọ̀tá a máa ba oko jẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ó wà nínú Mátíù 13. Ọ̀tá wá lóru, ó fọ́n èpò sáàárín àlìkámà. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà títí dé òpin. Ọga oko mọ̀ pé ọwọ́ ọ̀tá ni, síbẹ̀ kò rán ẹrú kan láti lọ wá ọ̀tá náà kiri àdúgbò. Nígbà tí àwọn ẹrú ń kánjú láti fa èpò, ó dá wọn dúró kí wọ́n má baà fa àlìkámà tu mọ́ ọn. Bí olówó oko tó mọ òtítọ́ bá lè ní sùúrù, báwo ni àwa tí a kò mọ̀ á ṣe máa kánjú? Nígbà tí a dárúkọ ìyá yẹn, àlìkámà ni a fà tu.

Ẹ tún wo ìtàn Nábótì. Kí ni Áhábù ọba fẹ́ fi ọgbà àjàrà Nábótì ṣe? Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 21:2. Ọgbà ẹ̀fọ́ ni! Nítorí ọgbà ẹ̀fọ́ ni wọ́n ṣe wá ẹlẹ́rìí èké méjì, tí wọ́n sì sọ aláìṣẹ̀ lókùúta pa. Ẹ ò rí i pé ẹ̀sùn èké àti ọgbà ẹ̀fọ́ ti pàdé rí. Wọ́n tilẹ̀ kéde ààwẹ̀ kí wọ́n tó ṣe é. Ó wà ní ẹsẹ 9 àti 12. Ààwẹ̀ kò sọ èké di òtítọ́.

A kò sọ pé ìran kò sí nínú ìjọ. Ẹ̀bùn Ẹ̀mí ni, a sì ń dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n 1 Jòhánù 4:1 pàṣẹ pé kí a máa dán ẹ̀mí wò. Ẹni tó lá àlá yẹn kò rí ojú ẹnikẹ́ni. Àwa la fi ojú sí i. Àlá lè sọ pé ewu wà nínú ọgbà, òtítọ́ sì ni, ewu wà níbẹ̀. Àfikún tiwa ló di ẹ̀ṣẹ̀. Nítorí náà kí òfin yìí wà láàárín wa: a kì í dárúkọ ènìyàn nínú àdúrà ẹ̀sùn. Bí a kò bá lè sọ ọ́ níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rí, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ níwájú Ọlọ́run lẹ́yìn rẹ̀.

V. BÍ A ÓÒ ṢE YẸ GBÒǸGBÒ WÒ

Bí ẹ̀fọ́ bá ń rọ lọ́sàn-án tí ilẹ̀ rẹ̀ sì tutù, ẹ fa ọ̀kan tu.

Bí gbòǹgbò bá ní kókó-kókó bí ìlẹ̀kẹ̀, aràn tín-ín-tín inú ilẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ojú lásán kò lè rí i. Ó fẹ́ràn tòmátì, ilá, ewédú àti ṣọkọ. Ẹ hú gbòǹgbò náà kúrò pátápátá, ẹ bu ìlẹ̀dú tó ti jẹrà púpọ̀ sí ilẹ̀ náà, kí ẹ sì fi àgbàdo rọ́pò wọn níbẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e.

Bí gbòǹgbò kò bá ní kókó, ẹ ṣe bí Bàbá ti ṣe pẹ̀lú ife omi. Bí ohun funfun bá ń sọ̀ kalẹ̀ bí òwú, àrùn tó ń dí ọ̀nà omi nínú igi ni. Kò sí oògùn tó ń wo igi tí ó ti mú. Ẹ hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ẹ sun ún; ẹ má jù ú sórí ìlẹ̀dú. Ẹ fọ ọkọ́ àti ẹsẹ̀ yín kí ẹ tó wọ ebè mìíràn, nítorí erùpẹ̀ àti omi tó ń ṣàn ló ń gbé e kiri. Ẹ má gbin tòmátì, ata, ìkàn tàbí gbọma síbẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Ìdílé kan náà ni gbogbo wọn. Àgbàdo ni kí ẹ gbìn.

Bí kò bá sí kókó, tí kò sì sí ohun funfun, ẹ yẹ ara igi wò fún ihò kòkòrò, kí ẹ sì yẹ ilẹ̀ wò bóyá omi ló ń dúró níbẹ̀ tí gbòǹgbò ò rí èémí. Ẹ gbẹ́ ọ̀nà kí omi lọ.

Nínú òfin Mósè, Léfítíkù 25:3-4, a fi ọdún keje ṣe ìsinmi fún ilẹ̀. Ilẹ̀ tí a ń gbin ohun kan náà sí lọ́dọọdún kò sinmi rí. Ẹni tí àyè rẹ̀ kéré, kí ó máa pààrọ̀ ebè: ibi ewé ọdún yìí, kí ó di ibi àgbàdo lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ó kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà, nítorí ọkàn a máa gbàgbé.

ÌPARÍ

Ará, oṣù kẹjọ ń bọ̀, àrọ̀kúrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tí tòmátì rẹ̀ kú lè fọ́n tẹ̀tẹ̀ sí ebè mìíràn lọ́la, kí ó sì jẹ ẹ́ kí oṣù tó yí. Ẹni tó ti ba orúkọ aládùúgbò jẹ́ náà lè dìde ní ìrọ̀lẹ́ yìí. Ẹ̀kejì le ju èkíní lọ, kì í hù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n irúgbìn ni, a sì gbọdọ̀ gbìn ín kí òjò tó tán. Lọ́jọ́ ìkórè, kí a lè gbé apẹ̀rẹ̀ wa kọjá níwájú ilé ẹnìkejì wa láìgbé ojú sá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Iṣẹ́ méjì wo ni a fi lé Ádámù lọ́wọ́ nínú ọgbà? Èwo ni ìwọ ń ṣe, èwo ni o fi sílẹ̀?
2. Kí ló dé tí ilá tí a ń ká fi ń so ju èyí tí a fi sílẹ̀ lọ? Kí ni èyí kọ́ wa nípa ọrẹ?
3. Nínú Mátíù 13, kí ni ọga oko ṣe nígbà tí ó mọ̀ pé ọ̀tá ló wá? Kí ni kò ṣe?
4. Kí ni Áhábù fẹ́ fi ilẹ̀ Nábótì ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe fi ààwẹ̀ bo ẹ̀sùn èké?
5. Ǹjẹ́ ẹnì kan wà ní àdúgbò rẹ tí ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀rù aṣọ funfun? Kí ni o lè ṣe kí òjò ọdún yìí tó tán?

ÀDÚRÀ

Olúwa Ọlọ́run tó gbin ọgbà àkọ́kọ́, a dúpẹ́ fún òjò tó ti rọ̀ àti èyí tó ń bọ̀. Bù sí ọwọ́ tó ń gbìn àti ọwọ́ tó ń ṣọ́. Fún wa ní ojú tí ń wo ìdí ọ̀rọ̀, kí o sì dá ahọ́n wa dúró níbi tí a kò bá mọ̀. Àwọn tí a ti fi ẹ̀sùn èké kàn, tù wọ́n nínú. Àwa tí a fi kàn wọ́n, fún wa ní ẹsẹ̀ tó lè rìn dé ẹnu ọ̀nà wọn. Jẹ́ kí aṣọ funfun wa di ohun tí ọmọdé ń sáré wá bá. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.